Yàrá Kan ní Ìsẹ́yìn, Ilé Kan ní Laois

Iṣẹ́ kan péré ni ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, fi rán mi nígbà tí mo ń palẹ̀ ẹrù mọ́ fún ìrìn-àjò ilẹ̀ Írẹ́lándì. "Bí o bá dé ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ, bi í pé ṣé kí n fi yàrá rẹ̀ fún ayálégbé ni, àbí kí n ṣì máa tì í pa." Yàtọ̀ sí òru mẹ́rin ní ọdún 2012, yàrá náà ti wà ní títì nínú ilé wa ní Ìsẹ́yìn láti ọdún 2002. Ibùsùn kan, àpótí onírin kan àti fọ́tò ọjọ́ tí àǹtí mi gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ni ó wà níbẹ̀. Oṣooṣù ni ìyá àgbà ń ṣí i, tí wọ́n ń gbá a, tí wọ́n sì tún ń tì í. Ṣùgbọ́n eékún ti ń dùn wọ́n báyìí, wọ́n sì ní ẹni tó bá ń gbá yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí, eruku lásán ló ń gbá.

Mo rò pé alẹ́ ọjọ́ tí mo bá dé ni n óò jẹ́ iṣẹ́ náà, tí n óò sì gba èsì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé mi padà ti ń wọ ibùdókọ̀ kí n tó gbọ́ èsì kankan. Ní gbogbo àkókò tó wà láàárín, ńṣe ni àǹtí mi ń gbé mi sínú mọ́tò, tí wọ́n ń fi káńtì wọn hàn mí láti igun dé igun.

Káńtì ni àwọn ará Írẹ́lándì ń pe ohun tí àwa ìbá pè ní ìpínlẹ̀. Laois ni orúkọ èyí tí àǹtí mi ń gbé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí lẹ́tà márùn-ún náà tàn yín jẹ: Líìṣì ni wọ́n ń pè é. Omi òkun yí erékùṣù Írẹ́lándì ká, síbẹ̀ òkun kò kan Laois níbi kankan. Kò kan èyíkéyìí nínú àwọn aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn Offaly, Kildare, Carlow, Kilkenny àti Tipperary. Kò sí káńtì mìíràn ní gbogbo erékùṣù náà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ fẹsẹ̀ bọ omi òkun láti Laois gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la káńtì ẹlòmíràn já kí ó tó wọ èyí tó ní etíkun. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ èyí. Ará Ìsẹ́yìn ni mí, èmi náà ti dàgbà kí n tó rí òkun.

Láti Dublin, nǹkan bí wákàtí kan ni ọkọ̀ ojú irin fi ń dé Portlaoise, tí í ṣe olú ìlú káńtì náà. Pápá tútù, màlúù, àgùntàn, ọgbà tí wọ́n fi igi ẹlẹ́gùn-ún ṣe, pápá tútù mìíràn. Òjò winniwinni ń rọ̀ nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀. "Ẹ kú ọjọ́ rere," ni àǹtí mi kọ́kọ́ sọ fún ọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, ọkùnrin náà sì gbà pé ọjọ́ rere ni lóòótọ́. Ìlú náà kò tóbi; iye ènìyàn tí ètò ìkànìyàn ọdún 2022 kà níbẹ̀ jẹ́ 23,494. Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ fún ará Dublin, ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá tó wà níbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, èyí sì máa ń bí àwọn ará Portlaoise nínú.

Èmi tí mo kọ́ èdè àti àṣà Yorùbá ní yunifásítì, orúkọ ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń wá níbikíbi tí mo bá dé. Ìtàn orúkọ Laois gùn. Àwọn ènìyàn kan tí wọ́n ń jẹ́ Loígis ni wọ́n ni ilẹ̀ náà látijọ́, ìdílé Ó Mórdha, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní O'Moore, sì ni ó ń jọba lé wọn lórí. Ní ọdún 1548, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì mọ odi kan síbẹ̀. Ní ọdún 1556, wọ́n fi òfin sọ gbogbo agbègbè náà di "Káńtì Ayaba", wọ́n sì sọ ìlú tó yí odi náà ká ní Maryborough, nítorí Ayaba Mary tó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà. Offaly tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ di "Káńtì Ọba", nítorí Philip, ọkọ ayaba náà, ọba ilẹ̀ Spain. Wọ́n wá ń kó àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì wá láti máa gbé orí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀.

Àwọn Ó Mórdha kò gbà. Wọ́n jà, wọ́n sùn nínú igbó, wọ́n dáná sun ilé àwọn àjèjì. Ní nǹkan bí ọdún 1577, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn aṣáájú Laois àti Offaly sí ìpàdé àlàáfíà ní Mullaghmast ní Kildare. Nígbà tí wọ́n péjọ tán, wọ́n pa wọ́n nípakúpa. Nígbà tó di ọdún 1609, wọ́n kó èyí tó kù nínú àwọn ìdílé ńláńlá ilẹ̀ náà lọ sí Kerry ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù, níbi tí òkun wà.

Lẹ́yìn tí Írẹ́lándì gba òmìnira ní ọdún 1922 ni Laois tó gba orúkọ rẹ̀ padà. Ní ọdún 1929, Maryborough di Portlaoise, èyí tí ó túmọ̀ sí odi Laois. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọdún 373 ni ìlú náà fi jẹ́ orúkọ ayaba tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Írẹ́lándì rí.

Orúkọ padà dé, ṣùgbọ́n èdè tó ni orúkọ kò bá a dé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní ọjà, ní ilé ọtí àti ní ilé. Síbẹ̀, bí ẹ bá ti ń wakọ̀ lọ, ojú pátákó ni ẹ óò ti máa bá èdè àtijọ́ náà pàdé, nítorí Gaelic ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ sórí rẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kejì mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣeré. Baile ni ibùgbé. Òun ló di Bally lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì nínú Ballyroan àti Ballybrittas. Cill ni ilé ìjọsìn. Ẹ rí i nínú Killeshin. Cluain ni pápá oko. Ẹ rí i nínú Clonaslee. Ráth ni odi alámọ̀. Ẹ rí i nínú Rathdowney. Láàárín ọdún 1824 sí 1846 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán àwọn awọnlẹ̀ káàkiri erékùṣù náà láti ya àwòrán rẹ̀, bí etí wọn ṣe gbọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa tí a gbà kí ayé máa pe Èkó ní Lagos, a kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa.

Àwọn ọmọ àǹtí mi méjèèjì ló ń túmọ̀ àwọn orúkọ wọ̀nyí fún mi láti ẹ̀yìn mọ́tò. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti kọ́ Gaelic, bí gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà. Mo bi èyí ọkùnrin pé kí ni ìtumọ̀ orúkọ tirẹ̀ ní Yorùbá. Ó wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wo ojú ọ̀nà.

Ọjọ́ kẹta ni a gun Àpáta Dunamase. Láti Portlaoise, bí ẹ bá kọjú sí Stradbally, ẹ óò ṣàdédé rí i lápá òsì: òkè òkúta kan ṣoṣo tó yọrí láti inú pápá títẹ́jú, tó ga ní nǹkan bí mítà 46, tí ògiri fífọ́ sì dé e lórí bí eyín arúgbó. Dún Masc ni orúkọ rẹ̀ gan-an, odi Masc. Ní nǹkan bí ọdún 843 ni àwọn ajalèlókun láti ìhà àríwá ti kó o. Ọ̀rúndún kejìlá ni ìtàn rẹ̀ wá di ìtàn ìgbéyàwó. Diarmait Mac Murchada, ọba Leinster, pàdánù ìtẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1166, ó sì sá lọ bá ọba Gẹ̀ẹ́sì fún ìrànlọ́wọ́. Ìjòyè kan tí wọ́n ń pè ní Strongbow gbà láti kó ogun wá, bí wọ́n bá fún un ní Aoife, ọmọbìnrin ọba náà, kí ó fi ṣaya. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní Waterford ní ọdún 1170. Dunamase wà lára ohun tó tẹ̀ lé ìyàwó lọ sílé ọkọ. Nígbà tó yá, Isabel, ọmọ tí Aoife bí, fẹ́ William Marshal, akọni jagunjagun tí ìròyìn rẹ̀ kàn dé Faransé, apá kan nínú àwọn ògiri tó ṣẹ́kù sì jẹ́ ti ìgbà rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn Ó Mórdha gbà á padà fún ìgbà pípẹ́. Ogun Cromwell ní àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ló wó o.

Ilẹ̀kùn kankan kò sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gba owó lọ́wọ́ wa. Àgùntàn ń jẹko ní ìdí ògiri. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ débi pé gèlè tí àǹtí mi fi wé orí fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sí Kildare. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́ iṣẹ́ ìyá àgbà.

Àǹtí gbọ́ mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ìka sí ìwọ̀-oòrùn. "Ṣé o rí àwọn òkè yẹn? Slieve Bloom ni wọ́n. Èyí tó ga jù nínú wọn, Arderin ni. Mítà 527. Òkè Írẹ́lándì ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, nítorí àwọn àtijọ́ rò pé kò sí èyí tó ga jù ú lọ ní gbogbo ilẹ̀ yìí."

"Ṣé òun ló ga jù lóòótọ́ ni?"

"Rárá o. Èyí tó wà ní Kerry fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn bá dúró sí ló ti ń wòran."

Mo mọ̀ pé wọ́n ti fi òkè dá mi lóhùn. Ilé ìjọsìn kékeré kan wà nísàlẹ̀ àpáta náà, ìtẹ́ òkú sì yí i ká, koríko rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀, àǹtí mi dúró wò ó. "Àwọn èèyàn yìí a máa tọ́jú sàréè," ni wọ́n sọ. Òtítọ́ ni. Nínú ọ̀pọ̀ páríṣì Írẹ́lándì, wọ́n ní Ọjọ́ Ìsinmi kan lọ́dún tí gbogbo ìdílé ń péjọ sí ìtẹ́ òkú, àwọn tó wà ní Dublin tàbí Lọ́ńdọ̀nù pàápàá a máa wálé. Wọn a ti tu koríko, wọn a ti gbin òdòdó, àlùfáà a sì rìn láàárín sàréè pẹ̀lú omi mímọ́. Èmi kò fẹ́ràn bí àǹtí mi ṣe ń wo ibẹ̀. Mo ní kí a máa lọ, òjò ń bọ̀.

N kò ní lè ròyìn gbogbo ibi tí a dé. Ní Timahoe, ilé Mochua, ilé ìṣọ́ olókùúta ribiti kan dúró láti ọ̀rúndún kejìlá, ó ga tó nǹkan bí mítà 29. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà lókè fíofío, iṣẹ́ ọnà orí ènìyàn sì yí i ká, irun àti irùngbọ̀n wọn lọ́ mọ́ ara wọn. Mochua, tó kú ní ọdún 657, ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn. Ìtàn àtijọ́ kan tí wọ́n so mọ́ orúkọ rẹ̀ ní ohun ọ̀sìn mẹ́ta péré ni ó ní láyé: àkùkọ, eku àti eṣinṣin. Àkùkọ ń jí i fún àdúrà òru. Eku kì í jẹ́ kí ó sùn jù, a máa gé e létí jẹ. Eṣinṣin ni ó ń rìn lórí ìwé bí ó ti ń ka Orin Dáfídì, bí ó bá sì sinmi, eṣinṣin a dúró sórí ọ̀rọ̀ tí ó kà dé. Ìyá àgbà tí wọ́n ń jí ní aago márùn-ún ni mo rántí.

Ní Mountmellick, àwọn obìnrin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń fi òwú funfun ṣe ọnà sára aṣọ funfun, ewé àti èso inú igbó tó yí wọn ká ni wọ́n ń yà. Mo wò ó pẹ́, nítorí ọmọ ìlú alásọ òkè ni mí. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè fi funfun kọ̀wé sórí funfun kí ó sì hàn. Ní Portarlington, àwọn Faransé tó sá fún inúnibíni ẹ̀sìn wá tẹ̀dó ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, èdè Faransé ni wọ́n sì fi ń jọ́sìn níbẹ̀ fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí ó tó pa rẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wọn. Àǹtí mi kò sọ ohunkóhun ní Portarlington. Èmi náà kò sọ.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ti igi Clonenagh. Lójú ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Mountrath ni ó wà, níbi tí ẹni mímọ́ Fintan kọ́ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ sí ní ọ̀rúndún kẹfà. Omi máa ń gbá jọ sínú ihò ara igi náà, àwọn ènìyàn sì gbà pé omi ìwòsàn ni. Ẹni tó bá wá tọrọ nǹkan a gbá owó ẹyọ wọ inú èèpo igi. Wọ́n gbá a fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, àní débi pé bàbà inú owó náà di májèlé fún igi, ó sì wó ní ọdún 1994. Àdúrà ló pa á. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ọ̀mùnú tuntun ti jáde lára kùkùté rẹ̀, ó ti di igi kékeré. Owó ẹyọ ṣì wà lára igi tó wó náà, ó ti tẹ̀ kọrọdọ. Mo rí i tí àǹtí mi ki ọwọ́ bọ àpò, tí wọ́n sì tún yọ ọ́ láìmú nǹkan jáde.

Ọjọ́ karùn-ún ni a lọ sí Donaghmore. Ilé àwọn òtòṣì ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni báyìí. Ọdún 1845 ni àrùn kọ́kọ́ kọlu ọ̀dùnkún, oúnjẹ kan ṣoṣo tí tálákà Írẹ́lándì gbára lé, ebi sì pa orílẹ̀-èdè náà fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 1841, àwọn tó ń gbé Laois lé ní 150,000. Ní ọdún 1851, wọ́n ti dín sí nǹkan bí 111,000. Ikú mú àwọn kan, ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn mìíràn lọ sí Amẹ́ríkà. Títí di òní, iye náà kò tíì padà: 91,877 ni wọ́n kà ní ọdún 2022, tòun ti àǹtí mi àti àwọn ọmọ wọn.

Ọdún 1853 ni wọ́n ṣí ilé Donaghmore, nígbà tí ìyàn ti ń rọlẹ̀. Ìdílé tó bá wọlé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pín in: bàbá lọ́tọ̀, ìyá lọ́tọ̀, àwọn ọmọ lọ́tọ̀. Agogo ni ó ń sọ ìgbà tí wọn óò jẹun. Pẹpẹ onígi tí wọ́n ń tò sùn lé lórí ṣì wà nínú gbọ̀ngàn òkè, fèrèsé rẹ̀ kéré. Ibẹ̀ ni àǹtí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé mo bi wọ́n.

Wọ́n ní nígbà tí wọ́n dé ní ọdún 2002, inú ibùdó tí ìjọba ń kó àwọn tó wá ibi ìsádi sí ni àwọn wà. Wọ́n ń fún àwọn ní oúnjẹ àti owó yúrò 19 àti sẹ́ńtì 10 lọ́sẹ̀. Òfin kò gba àwọn láyè láti ṣiṣẹ́. Olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n ti kọ́ ọmọ ogójì lẹ́ẹ̀kan náà ní kíláàsì, ṣùgbọ́n agogo ni ó ń sọ fún wọn ìgbà tí wọn óò jẹ ìrẹsì. Ní ọdún 2003, bàbá àgbà kú. Bí wọ́n bá jáde ní Írẹ́lándì, ẹjọ́ wọn ti parí nìyẹn, wọn kò ní lè padà. Wọn kò wálé sin bàbá wọn. Nílé wa, a ti máa ń sọ ọ́ pé wọn kò wá. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí pé wọn kò lè wá.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 2004. Ọjọ́ yẹn gan-an ni gbogbo Írẹ́lándì dìbò lórí ìbéèrè kan: ṣé kí ọmọ tí wọ́n bá bí sí ilẹ̀ náà ṣì máa jẹ́ ọmọ onílùú láìwo ibi tí òbí rẹ̀ ti wá? Nǹkan bí ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yí òfin padà. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, òfin sì gba ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé àdúgbò láyè láti dá sí ìyẹn, ìbáà jẹ́ àjèjì. Ní Portlaoise, ọmọ Yorùbá kan wà lára àwọn olùdíje sí ìgbìmọ̀ ìlú. Rotimi Adebari ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni, òun náà sì wá ibi ìsádi wá ní ọdún 2000. Àǹtí mi tò sórí ìlà, oyún kò sí níkùn wọn mọ́, ọmọkùnrin wọn ti pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn wọn. Ìwé ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ni wọ́n fún wọn. Àwọn onílùú tó wà níwájú wọn gba ti ìbéèrè yẹn mọ́ tiwọn.

"Nínú yàrá ìdìbò kan náà," ni àǹtí mi wí, "ẹni tó wà níwájú mi ń sọ bóyá ọmọ tí n óò bí tẹ̀ lé èyí tó wà lẹ́yìn mi yóò jẹ́ ará ibí, èmi sì ń sọ ẹni tí yóò máa bá a tún ojú ọ̀nà ṣe."

Adebari wọlé. Ní ọdún 2007, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ fi í ṣe olórí ìlú Portlaoise, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ ní Írẹ́lándì. Òfin tuntun náà wọlé ní oṣù kìíní ọdún 2005. Nítorí náà, ọmọkùnrin àǹtí mi jẹ́ ọmọ Írẹ́lándì láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n bí ní ọdún 2006, ní ilé ìwòsàn kan náà, lọ́wọ́ ìyá kan náà, kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó kọjá kí ìyá rẹ̀ tó gba ìwé onílùú, kí tirẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ọmọbìnrin yìí ni mo tẹ̀ lé lọ sí pápá ìṣeré ní ọjọ́ keje. Camogie ni ó ń gbá. Eré náà ni àwọn ọkùnrin ń pè ní hurling, igi pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta. Láti ọdún 1884 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tó ń ṣètò eré ìbílẹ̀ Írẹ́lándì sílẹ̀, páríṣì ni ìpìlẹ̀ ètò wọn: ibi tí o bá ń gbé ni o ń gbá bọ́ọ̀lù fún, ẹnikẹ́ni kì í rà ọ́, ẹnikẹ́ni kì í san owó oṣù fún ọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Laois tíì gba ife-ẹ̀yẹ hurling gbogbo Írẹ́lándì láti ọjọ́ yìí wá, ní ọdún 1915. Ẹ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọn óò mẹ́nu bà á bí ẹni pé àná ni.

Bàbá arúgbó kan dúró tì mí ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ajá rẹ̀ jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bi mí léèrè ohun tí wọ́n máa ń bi àlejò níbẹ̀: àwọn wo ni ènìyàn rẹ? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ ta ni ọ́ gan-an ni ó ń bi mí. Mo na ọwọ́ sí ọmọbìnrin tó wọ nọ́ńbà méje. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa, ó dárúkọ ilẹ̀ kékeré tí wọ́n ń gbé. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju 60,000 lọ ní erékùṣù náà, baile fearainn ni wọ́n ń pè é, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dárúkọ ilé wọn. Orúkọ ọkùnrin kan ni ó dá, ẹni tó ni ilé náà tẹ́lẹ̀, tó sì ti kú fún ọgbọ̀n ọdún. Ọdún mẹ́tàlá ni àǹtí mi ti ra ilé náà.

Mo sọ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "Ó dìgbà tí mo bá kú kí ó tó di ilé tèmi. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi ni wọn óò máa fi orúkọ mi júwe ibẹ̀ fún." Ẹ̀rín náà dúró lójijì. Wọ́n dìde lọ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, àwa méjì dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin Portlaoise. Wọ́n ti di ẹrù fún mi: tíì, ṣokoléètì, àti aṣọ Mountmellick kan tí wọ́n ní kí n tẹ́ sórí àga ìyá àgbà. N kò fẹ́ tún béèrè mọ́. Mo ti ń ronú irọ́ tí n óò pa ní Ìsẹ́yìn. Ọkọ̀ ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí àǹtí mi di ọwọ́ mi mú.

"Sọ fún Màmá pé kí wọ́n fi yàrá náà fún ayálégbé. Kí wọ́n fi owó rẹ̀ ra oògùn eékún. Wọ́n ti gbá a tó."

"Ó dáa, mà."

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Mo gbé ẹrù mi wọlé, mo yíjú padà láti juwọ́. Àǹtí mi sún mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn náà.

"Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún ayálégbé náà pé àpótí onírin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé," ni wọ́n wí, "ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e kúrò níbẹ̀."